Ọwọ́ Gbígbọ̀n Nílé Ẹ̀rí

Ìgò méjì ló wà nínú agbọ̀n tí mo gbé lé itan nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ náà. Mo so òwú pupa mọ́ ọrùn ọ̀kan, mo so òwú funfun mọ́ ìkejì. Omi inú ti òwú pupa ti sinmi dáadáa. Ti òwú funfun, èmi ni mo mì ín láti ìdájí. Mo mì ín bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, títí ó fi rẹ omi náà tí kò lè tàn mọ́.

Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Dókítà gan-an ò mọ̀.

"Kí lẹ ń lọ ṣe nílé Ẹ̀rí?" Ọkọ̀ ló ń bi mí. Kò ní awakọ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ló ń wà á, ó sì gbọ́dọ̀ béèrè kó tó gbéra.

"Mo ń lọ... mo ń lọ ka ìgbésí ayé ènìyàn."

"Ìgbésí ayé ta ni?"

"Dókítà Wúràọlá Olúgbọ́dẹ. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí omi-iná."

Mo rò pé yóò ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó ní kí n sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ di nǹkan mú," ó wí, ó sì gbéra.

Di nǹkan mú. Ọwọ́ wo ni màá fi dì í mú? Láti kékeré ni ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ti ìyá mi gbọ̀n, ti bàbá tó bí ìyá mi gbọ̀n. Bí mo bá bu tíì, ìdajì á dà sílẹ̀. Bí ẹ̀rù bá wá bà mí, á di bí ewé kókò tí òjò ń pa. Ẹ̀rù sì máa ń bà mí, ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, n ò sì rántí ọjọ́ tí mo jí tí ẹ̀rù kan ò jí pẹ̀lú mi.

A ń kọjá láàárín àwọn ilé orí òpó. Lẹ́nu ọ̀nà gbogbo wọn, ìgò gíláàsì ńlá kan wà tí wọ́n fi okùn so kọ́, kí ìgbì lè máa mì ín. Fìtílà wa nìyẹn, láti ìgbà tí òkun ti gbé òpó iná àtijọ́ mì. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ló wà nínú omi ìgò náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ìgbì mì wọ́n, wọ́n á tàn búlúù. Èmi ni mò ń bọ́ wọn ní Ilé Ọmọ-Omi, ó ti di ọdún méjìlélógún. Dókítà ló wá wọn rí, tó sì tọ́ wọn débi tí wọ́n fi ń gbé inú omi ọ̀sà wa tó dọ̀tí yìí. Gbogbo ìlú Òkè-Omi ló ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn ríran.

Àfi pé iṣẹ́ yẹn kan náà ni wọ́n fi ń dájọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nílé Ẹ̀rí, wọ́n á ti gbogbo fèrèsé pa. Wọ́n á gbé àwo gíláàsì tí omi-iná wà nínú rẹ̀ lé ọ ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Wàá sọ̀rọ̀. Bí omi bá ṣókùnkùn, òtítọ́ lo sọ. Bó bá tàn, irọ́ lo pa. Bó bá tàn lẹ́ẹ̀mẹta, o di èrò Oko Iyọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ́ ha iyọ̀ nínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́.

Dókítà kọ lẹ́tà sí Ilé Ẹ̀rí pé àwo náà ò mọ irọ́. Dókítà ní gbígbọ̀n nìkan ló mọ̀. Lẹ́tà yẹn ló gbé wa dé ibi tí a wà. Ẹni tó bá tako òfin, wọ́n á kọ́kọ́ ka ìgbésí ayé rẹ̀ lójú ìlú, kó tó di pé wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ka tara rẹ̀. Ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ ni yóò kà á, pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

Lánàá ni Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ò gbé wọn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ṣì mú bí abẹ.

"Rẹ̀mílẹ́kún, ìwọ ni mo fẹ́ kó kà á."

"Ẹ̀yin Mà! Ṣé ẹ rí ọwọ́ yìí? Ẹ jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń bá wa ṣiṣẹ́ kà á. Ọwọ́ tiẹ̀ dúró bí òpó."

"Ohun tí mi ò fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣé ọwọ́ tó dúró ni màá fi ṣe ẹlẹ́rìí pé gbígbọ̀n kì í ṣe irọ́? Sọ òtítọ́. Sọ èyí tí ọmọ ìkókó mọ̀ pé òtítọ́ ni. Kí o sì máa gbọ̀n."

"Bó bá wá tàn lẹ́ẹ̀mẹta ńkọ́, Mà?"

Wọ́n ń fi ìka nu ojú awò wọn.

"Bó bá tàn lẹ́ẹ̀mẹta tí wọn ò sì gbọ́n, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Mo ti ra fìlà oòrùn méjì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo délé, n ò sùn. Nígbà tó di ìdájí, mo dìde, mo mú ìgò kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín.

Torí mo mọ ohun tí àwọn onídàájọ́ ò mọ̀. Omi-iná máa ń rẹ̀. Bí o bá mì ín fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ̀wà fi ń jiná, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á tán, á dúró dúdú títí á fi sinmi. Tí mo bá gbé àwo tó ti rẹ̀ dání, kí ọwọ́ mi gbọ̀n bó ṣe fẹ́, kò ní tàn. Mo máa ka ìgbésí ayé Dókítà tán, wọ́n á ní òtítọ́ ni, kálukú á relé. Wọ́n á fa lẹ́tà Dókítà ya, torí ẹlẹ́rìí wọn gan-an ti fi hàn pé àwo náà dára. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò ní lọ Oko Iyọ̀. Mo mọ ìyẹn náà.

Akínlolú, àbúrò mi, ńkọ́? Mi ò fẹ́ rò ó.

Lásún ló wà lẹ́nu ọ̀nà Ilé Ẹ̀rí, obìnrin ẹ̀ṣọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í pa ẹnu dé.

"Ìyá Olómi! Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Ṣé òtútù ló ń mú yín ni, àbí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ yín lára?"

"Lásún, jẹ́ n gbádùn."

"Ẹ fẹ́ gbádùn kẹ̀? Ẹ wá síbí láti gbádùn?" Ó na ọwọ́. "Ìgò wo la máa lò, èwo sì ni ti ìpamọ́?"

Mo ya ẹnu láti sọ pé ti òwú funfun. Ó ti wà lórí ahọ́n mi.

"Ẹ má bẹ̀rù jàre," Lásún ní. "Ẹ sáà sọ òótọ́. Omi kì í parọ́ mọ́ni. Ṣé ẹ rántí ti àbúrò yín ọ̀hún? Gbogbo wa la rò pé ọmọlúàbí ni. Omi ló tú u fó."

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni. Wọ́n ní Akínlolú, ọmọ ìyá mi, jí bátìrì ọkọ̀ ẹgbẹ́ apẹja. Wọ́n gbé àwo fún un. Ọwọ́ ìdílé wa ni ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò jí i, omi tàn. Ó tún ní òun ò jí i, omi tún tàn. Ó yíjú sí mi níbi tí mo jókòó sí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò mí. Ẹ wò mí." Mi ò wò ó. Àwo ni mò ń wò. Omi tí mo fọwọ́ ara mi bọ́, tí mo fọwọ́ ara mi gbé wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo gba omi gbọ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láti ìgbà tó ti ń rákò, mo sì gba omi gbọ́. Nígbà tó tàn lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n mú un lọ Oko Iyọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún Dókítà, bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ní, "Ọwọ́ ìdílé yín? Láti kékeré?" Wọn ò jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tó bí lẹ́tà yẹn.

"Èwo?" Lásún ní. "Àwọn èèyàn ń dúró o."

"Ti òwú pupa," mo wí.

Ó gbà á.

Inú gbọ̀ngàn kún. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n fèrèsé ti wà ní títì, aṣọ dúdú sì bò wọ́n. Nílé Ọmọ-Omi, a máa ń yí ọjọ́ padà fún omi tí wọ́n fi ń dájọ́. A máa ń tan iná fún un lóru, a ó fi í sínú òkùnkùn lójúmọmọ, kó lè rò pé ọ̀sán ni òru. Bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní tàn láéláé níbẹ̀. Alága Adétúntan jókòó sórí àga gíga. Ọkùnrin tó gbayì ni, kò tíì pé àádọ́ta, agbádá rẹ̀ ń dún bí ó bá mira. Akọ̀wé Ṣómọ́yẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ méjì, ÒTÍTỌ́ àti IRỌ́. Dókítà wà lórí àga níwájú. Wọ́n dé fìlà oòrùn. Wọ́n dé e wá lóòótọ́.

Wọ́n gbé àwo lé mi lọ́wọ́. Ó tutù.

"Ẹlẹ́rìí, sọ orúkọ rẹ," Alága ní.

"Rẹ̀mílẹ́kún Ajíbọ́yẹ."

Omi tàn búlúù yòò, ó mọ́lẹ̀ dé àgbọ̀n mi.

Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Òǹtẹ̀ balẹ̀, gbàm. IRỌ́.

"Ó parọ́ orúkọ ara rẹ̀?" ẹnìkan sọ lẹ́yìn.

"Mo... Orúkọ mi nìyẹn," mo wí. "Lásún, ṣé kì í ṣe orúkọ mi?"

"Mi ò sí níbẹ̀!" Lásún ké láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Máa kà," Alága ní.

"Ẹni tí mo wá ka ìgbésí ayé wọn, Dókítà Wúràọlá, wọ́n wà láàyè. Àwọn ló jókòó yẹn."

Omi tàn. Gbàm.

Dókítà fọwọ́ kan àyà ara wọn. "Ẹ gbà mí o. Ta ni ẹ sin?" Ẹ̀rín pọ̀ díẹ̀ sí i. Alága ò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀sán la wà," mo wí. Ohùn mi ò jáde dáadáa. "Oòrùn wà níta."

Omi tàn. Gbàm. Ìkẹta nìyẹn.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rò pé wọ́n á rí i. Mo rò pé wọ́n á sọ pé, àbí, oòrùn sáà wà níta. Ṣùgbọ́n mo ń wo ojú wọn nínú ìmọ́lẹ̀ búlúù yẹn, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe wo Akínlolú. Obìnrin kan tiẹ̀ bojú wo ihò kọ́kọ́rọ́ bóyá ilẹ̀ ti ṣú.

"Ẹlẹ́rìí yìí ti di òpùrọ́," Alága wí. "Kó parí kíkà rẹ̀. Tó bá ti kà á tán, kí ẹ̀ṣọ́ mú un."

Tó bá ti kà á tán. Òfin ni: wọn kì í dá ìgbésí ayé ènìyàn dúró lágbedeméjì, wọ́n ní èèmọ̀ ni. Mo dúró níbẹ̀. Oko Iyọ̀ ti gbà mí. Ẹ̀rù tí ń bà mí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ti dé, ó jókòó, ó ń wò mí. Ìgbà náà ni mo rántí ìgò kejì nínú agbọ̀n. Mo rántí bó ṣe rẹ̀.

Èyí náà á rẹ̀.

Bí mo bá lè kà á pẹ́ tó.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo ní bàbá Dókítà, agégẹdú, gbé igi jíjẹrà kan wálé láti inú igbó nígbà tí Dókítà wà ní ọmọ ọdún méje, olú hù lára rẹ̀, olú náà sì ń tàn lókùnkùn. Omi tàn. Mo ní wọ́n gbé igi náà pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, ìyá wọn rò pé àǹjọ̀nú ni, ó da omi gbígbóná lé e. Omi tàn. Mo sọ bí wọ́n ṣe kó tannátanná sínú ìgò, tí wọ́n ń ka iye ìgbà tí akọ ń ṣẹ́jú sí abo. Mo sọ ilé ìwé ní òkè òkun, àti ọ̀gá tó sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ kòkòrò tó ń tàn kò lè fún ènìyàn lóńjẹ. Gbàm, gbàm, gbàm. Akọ̀wé Ṣómọ́yẹ̀ ti ń làágùn.

"Ṣé ó ṣì kù?" Alága bèèrè.

"Ó ṣì kù, Alága. Wọ́n pẹ́ láyé."

Mo sọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lọ sí ojú òkun, tí wọ́n ń fi korobá bu omi, tí wọ́n ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò kí wọ́n mọ bó ṣe níyọ̀ tó. Mo sọ ti ọkọ wọn tó ní ilé ń rùn bí ẹja, ìyàwó òun ò sì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, tó kó ẹrù rẹ̀. Dókítà gbé àwo omi tó ń rùn yẹn síta, wọ́n sunkún, wọ́n tún gbé e wọlé, torí ọjọ́ yẹn ni àwọn ẹ̀dá tíntìntín náà kọ́kọ́ tàn nínú omi ọ̀sà. Mo sọ bí mo ṣe wá gba iṣẹ́, tí mo fọ́ ìgò mẹ́rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n wo ọwọ́ mi, tí wọ́n ní, "Ó dáa, ìwọ ni kó máa mì wọ́n. Ó jọ pé wọ́n ti yàn ẹ́."

Ibẹ̀ ni nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ wọn, ara mi ń móoru. Mo gbàgbé ìlú. Mo wolẹ̀, ọwọ́ mi ti ń dúró. Ọwọ́ tí mo ti fi àádọ́ta ọdún bẹ Ọlọ́run lé lórí pé kó dúró! Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbọ̀n. Mo ranjú mọ́ ẹ̀ṣọ́ tó gbé ẹ̀wọ̀n dání. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ó tún ku èyí kan," mo wí, "kò sì dára. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ so fìtílà omi-iná kọ́ nílùú yìí, Dókítà gbé àwo kan fún Alága ìgbà náà, kó fi ṣeré. Ọwọ́ arúgbó rẹ̀ gbọ̀n, omi tàn. Àwọn èèyàn ní, 'Ó ń parọ́! Ó ń parọ́!' Wọ́n rẹ́rìn-ín, Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó di òfin. Wọ́n fún Dókítà ní àmì ẹ̀yẹ. Dókítà gbà á. Wọn ò sọ̀rọ̀."

Mo wo Dókítà. Wọ́n ti ṣí fìlà. Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Òǹtẹ̀ ò dún.

Mo wo àwo. Ó tàn díẹ̀, bí ẹyín iná tó fẹ́ kú. Mo sọ nípa ẹsẹ̀ Dókítà tí ń dùn wọ́n. Mo sọ pé wọ́n fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín tí kò ní ata. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n gìrìgìrì, omi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, inú àwo dúdú bí abẹ́ ìkòkò.

Mo gbé orí sókè.

"Èmi Rẹ̀mílẹ́kún," mo wí, "èmi ni mo bí Alága Adétúntan. Ọjọ́ Àìkú ni mo bí wọn. Orí wọn tóbi, wọ́n sì ké gan-an."

Òkùnkùn. Kò sí kíún.

Akọ̀wé Ṣómọ́yẹ̀ gbé òǹtẹ̀ kejì, ó dúró pẹ̀lú rẹ̀ lókè. "Alága... àwo ṣókùnkùn. Ṣé... ṣé ÒTÍTỌ́ ni kí n tẹ̀?"

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Olómi!" Lásún ló ké láti ẹnu ọ̀nà.

Ilé dà rú. Ẹ̀rín kúkú ni, ẹ̀rín tí àwọn èèyàn fi ń di ara wọn mú. Ẹnìkan ṣí fèrèsé kan, oòrùn wọlé lójijì.

"Obìnrin yìí, kí lo ṣe sí omi náà?" Alága dìde.

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni, Alága. Ẹ̀dá ni. Tí ẹ bá mì ín, á tàn. Tí ẹ bá mì ín pẹ́, á rẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá." Mo na àwo sí i. "Ìgò mìíràn wà tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, àmọ́ mo ti mì ín láti ìdájí, òun náà ò ní tàn. Ẹ lè gbé èyí dání fúnra yín."

Ó wo àwo. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú agbádá lọ, kò sì jáde.

Ẹ̀rín rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó gbé ẹ̀wọ̀n dání wo Alága, ó wo akọ̀wé, kò mọ ẹni tí ì bá mú.

"Ó ku gbólóhùn kan," mo wí. "Mi ò tíì kà á tán. Ohun tó mú Dókítà kọ lẹ́tà ni. Akínlolú Ajíbọ́yẹ, àbúrò mi, kò jí bátìrì."

Gbogbo wọn na ọrùn sínú àwo. Ó yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n ṣì na ọrùn, akọ̀wé, ẹ̀ṣọ́, àwọn tó rẹ́rìn-ín jù. Alága náà tẹ̀ síwájú láti wò.

Mo gbé àwo náà sílẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ọwọ́ mi ṣófo, ó ń gbọ̀n lójú gbogbo ayé.

"Alága," mo wí, "ẹ wò mí."